Ṣé O Ṣe É Ni, àbí O Sè É?

   

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mo gbé wá. Kì í ṣe ti iná mànàmáná tí gbogbo wa ń retí. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni mò ń wí, èyí tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, tó ń kọ lu dígí, tó sì ń ta padà. Mo ka ìwé nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìdí agbada ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkirè rí mọ dòdò wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà ni, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí àjèjì á máa rò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á sọ ọ́ sínú epo pupa gbígbóná, kò sì ní jáde níbẹ̀ títí yóò fi dúdú mìnìjọ̀. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ wa nìyẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó ní òdìkejì agbada, tí mo ń kó èyí tó ti jinná sínú ajere. Bí mo bá gbójú sókè wo ìyá mi, ojú rẹ̀ á máa mì lókè agbada bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi. Imú rẹ̀ á lọ sápá kan, á tún padà. Mo rò pé èéfín ló fà á, ṣùgbọ́n nígbà tí epo kò tíì rú èéfín kankan, ojú rẹ̀ ṣì ń mì. Mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ooru ni, ọmọ mi. Gbé ajere yẹn wá." Òótọ́ ló sọ. Ó gbà mí tó ọdún méjìlá kí n tó fojú ara mi rí bí òótọ́ náà ṣe rí.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn yàrá físíìsì wa, àgádágodo ńlá lẹ́nu rẹ̀. Láti ojú gíláàsì rẹ̀ la ti máa ń yọjú wo lẹ́ǹsì, dígí onígun mẹ́ta àti búlọ́ọ̀kù dígí tí eruku ti bò. Olùkọ́ wa, èèyàn dáadáa ni, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń ya ìmọ́lẹ̀ sójú pátákó fún wa: ìlà tó gún régé, tó ní orí ọfà. Mo gbà pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìdánwò WAEC bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ẹni tó bá ti ṣe pírátíkà búlọ́ọ̀kù dígí rí yóò rántí. Wọ́n á tẹ́ bébà funfun sórí pátákó rírọ̀, wọ́n á gbé búlọ́ọ̀kù dígí lé e, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po. Píìnì méjì á dúró níwájú. O óò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o óò di ojú kan, o óò fi èkejì wo inú dígí, o óò sì máa gún píìnì méjì mìíràn sápá ọ̀dọ̀ rẹ títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi tò bí ẹyọ kan ṣoṣo. Bí o bá gbé dígí kúrò tí o fa ìlà so àwọn ihò píìnì pọ̀, o óò rí i pé ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ nígbà tó wọ dígí, ó sì tún tẹ̀ padà nígbà tó jáde. Ìṣirò wà tí a fi ń díwọ̀n bó ṣe tẹ̀ tó. Fún irú dígí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ máa ń sún mọ́ 1.5.

Gbogbo wa sì ti mọ 1.5 kí a tó gún píìnì àkọ́kọ́. Àwa mẹ́tàlá la wà nídìí búlọ́ọ̀kù kan, àkókò ń lọ, ojú ń ro wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sè é. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá ń gbọ́ mi mọ ohun tí mò ń wí. Bí wọ́n ṣe ń se nọ́ńbà nìyí: o óò kọ́kọ́ fa ìlà tó yẹ kí ó jáde sórí bébà gíráàfù, o óò wá ṣa nọ́ńbà mẹ́fà lára ìlà náà, o óò yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ kí ó lè jọ òótọ́, o óò sì kọ wọ́n sínú ìwé bí ẹni pé ojú rẹ ló rí wọn. Mo gba máàkì tó dára. N kò rí nǹkan kan.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan nílé wa ní Ìkirè, ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè àti àṣà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ wa tó bá fẹ́ ka físíìsì á kọrí sí Òṣogbo, Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Èmi náà di ẹrù mi, mo lọ. Nígbà tó di ọdún kẹta mi ní yunifásítì, wọ́n fi mí sí láàbù ìwádìí kan tí wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn nǹkan. Ọkùnrin àgbà kan ló ń tọ́jú ibẹ̀, Bàbá Láàbù ni gbogbo wa ń pè é. Okùn ni ó fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, kì í sì í gbé ohùn sókè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé dígí róbótó kan lé mi lọ́wọ́, kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò kóòkì lọ. Mo gbà á bí èèyàn ṣe ń gba dígí: mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ojú rẹ̀. Ó ní kí n gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ìlà ìka mi hàn lórí rẹ̀ kedere, bí ti ẹni tó tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù báńkì. Ìtìjú mú mi, mo fa etí aṣọ mi, mo fẹ́ nù ún. Ìgbà yẹn ló kígbe, n kò sì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Dígí ìwojú tí a ń lò nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohun tó ń dán wà, dígí tó wà níwájú ló ń dáàbò bò ó. Ti láàbù yàtọ̀. Iwájú gan-an ni wọ́n kun ohun dídán náà sí, ìhòòhò ló wà. Òógùn ìka ń bà á jẹ́, aṣọ ń ha á. Ẹ lè yẹ èyí wò nísinsìnyí níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ mú dígí ìwojú yín, ẹ fi ẹnu bírò kàn án. Ẹnu bírò tó wà lọ́wọ́ yín àti èyí tó wà nínú dígí kò ní kan ara wọn. Àlàfo kékeré kan á wà láàárín wọn, bí dígí náà ṣe nípọn tó ló fà á. Lójú dígí láàbù, ẹnu méjèèjì á fẹnu kora.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń di dígí mú létí. N kò tíì rí lésà. Nígbà tí mo máa rí i, òfin ló ṣáájú. Aago ọwọ́, òrùka, ẹ̀gbà, gbogbo rẹ̀ á kù sẹ́nu ọ̀nà, torí bí lésà bá kọ lu ohun tó ń dán, kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹni tí yóò ta sí. Bí nǹkan bá jábọ́, o óò kọ́kọ́ pa ojú dé kí o tó bẹ̀rẹ̀ mú un, torí bí o ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹyinjú rẹ ń kọjá ní ọ̀gangan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró gbọ́ ibí yìí. Tọ́ọ̀ṣì lésà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí àwọn ọmọ ń tàn sára ògiri àti sójú ara wọn, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹyinjú ọmọ yóò kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ sójú kan lẹ́yìn ojú, ó sì lè jó ibẹ̀ láìdun ọmọ rárá. Ibi tó bá jó kì í sábà san. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rọ tí mo fi kọ́ṣẹ́ ni èyí tí Albert Michelson ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lésà pupa kan ń bọ̀, ó bá dígí kan tó pín in sí méjì: ìdajì gba inú rẹ̀ kọjá, ìdajì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ bá dígí tirẹ̀, ó ta padà, wọ́n tún pàdé, wọ́n jọ lọ sára ògiri. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, bí ìgbì omi. Láti orí ìgbì kan dé orí èkejì nínú lésà tí a lò, nanomítà 632.8 ni. Bí orí ìgbì bá pàdé orí ìgbì, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Bí orí ti èkíní bá bọ́ sínú kòtò ti èkejì, wọ́n á pa ara wọn, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ pàdé ìmọ́lẹ̀, ó di òkùnkùn. Mo ti kà á nínú ìwé, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, n kò gbà á gbọ́ rí nínú ọkàn mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Àmì pupa méjì ló wà lára ògiri, ó di dandan kí wọ́n di ẹyọ kan. O óò fọwọ́ kan ìdè kékeré kan, àmì kan á fò kọjá. O óò dá a padà, á fò kọjá lápá ibòmíràn. Ìka mi le jù. Bàbá Láàbù ní kí n má ṣe yí ìdè náà, kí n kàn máa ronú pé mo fẹ́ yí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àmì méjèèjì wọ inú ara wọn. Mo gbé lẹ́ǹsì kan síwájú wọn. Òrùka yọ lára ògiri, pupa àti dúdú, pupa àti dúdú, ọ̀kan nínú ọ̀kan, bí ìgbà tí òkò bọ́ sínú odò, tí omi wá dúró ṣinṣin.

Bàbá Láàbù kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì. Kò kàn án, ó kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀ ni. Àwọn òrùka náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n tẹ̀, wọ́n lọ́, wọ́n ń rú sókè bí ohun tó ń hó. Ooru ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, ìmọ́lẹ̀ ń yára díẹ̀ sí i nínú rẹ̀, ibi tí gbígbóná àti tútù bá sì ti pàdé, ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀. Òun náà ló ń fi omi tí kò sí han ẹ̀yin awakọ̀ lójú ọ̀dà lọ́sàn-án gangan. Mo dúró níwájú ògiri yẹn, ojú ìyá mi lókè agbada ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ni ohun tó mú mi wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí Bàbá Láàbù gbé fún mi ni kí n yí ìdè, kí dígí kan máa sún, kí n máa ka òrùka bí wọ́n ṣe ń yọ láti àárín. Òrùka kan dúró fún ìdajì ìgbì. Bí mo bá ka 100, dígí ti sún ní nǹkan bí 32 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan, kò tó ìnípọn irun orí. Mo ka ìgbà àkọ́kọ́, ìwọ̀n tó wà lára ìdè jẹ́ 32. Ìgbà kejì, 33. Ìgbà kẹta, 41. Ojú mi ti pọ́n, ebi ń pa mí, mo sì ti mọ ohun tó yẹ kí ó jẹ́. Mo fi bírò pa 41 rẹ́, mo kọ 32.

Bàbá Láàbù gba ìwé náà, ó fi ìka lé ibi tí mo pa rẹ́.

"Ọmọ Ìkirè, ṣé o ṣe é ni, àbí o sè é?"

N kò lè fèsì.

"Kí lo rí?"

"Mọ́kànlélógójì, sà."

"Kọ ọ́ padà. Àṣìṣe wà níbì kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ni ẹsẹ̀ tí a ó tọ̀ dé ibẹ̀, ìwọ sì ti gbá a kúrò nílẹ̀. Ọ̀nà wo lo yí ìdè sí kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà?"

Mo rò ó. Ní ìgbà kẹta, mo ti yí i kọjá ibi tí mo fẹ́, mo wá yí i padà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ṣé mo ti wa ọkọ̀ àtijọ́ rí. Sítíárìn ọkọ̀ àtijọ́, bí o bá yí i sọ́tùn-ún tí o fẹ́ dá a padà sósì, ọwọ́ rẹ á ti yí i díẹ̀ kí táyà tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdè náà rí. Ìwọ̀n ń lọ, dígí kò tíì kúrò lójú kan. Ibẹ̀ ni ohun tó lé lórí 32 ti wá. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ń yí i sí. Kò sí èyí tó kéré sí 31, kò sí èyí tó ju 33 lọ. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. 41 wà nínú rẹ̀, mo kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Michelson fúnra rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ gbà pé ohun kan tí a kò lè rí kún gbogbo òfuurufú, pé inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà bí ìró ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́, àti pé ayé wa ń là á kọjá. Michelson fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ní 1881, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ ní Berlin nílẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n ìgbòkègbodò ìgboro ń mi àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀, àfi ìgbà tó kó o lọ sí Potsdam. Ní 1887, òun àti Edward Morley tún un ṣe ní Cleveland lórí òkúta ńlá tó léfòó lórí mákúrì. Ìṣirò ní kí ìlà náà sún ní ìdá 0.4 nínú àlàfo tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n rí kéré gan-an sí i, kò jọ nǹkan kan. Ẹ wo bí ì bá ti rọrùn tó láti se nọ́ńbà náà! Ìwé gbogbo ló wà lẹ́yìn 0.4, àwọn ọ̀gá ńlá ló ń retí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Ọgbọ́n àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, ayé sì wá rí i nígbà tó yá pé ohun tí wọ́n ń wá náà kò sí. Michelson gba ẹ̀bùn Nobel ní 1907. Irú ẹ̀rọ kan náà, tí apá rẹ̀ gùn tó kìlómítà mẹ́rin, ni wọ́n fi gbá ìgbì láti òfuurufú mú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ dígí jìnnà sí wa o. Láti Ìkirè wa yìí dé Ilé-Ifẹ̀, ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ ni. Ní Igbó Olókun níbẹ̀, Abídèmí Babalọlá, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí. Ayẹ̀wò fi hàn pé àwọn baba wa kò kàn ń tún dígí àjèjì yọ́. Wọ́n ń ṣe tiwọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jọ ti ilẹ̀ ibòmíràn, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá. Ẹni tó ń yọ́ dígí kò lè se nọ́ńbà. Bí iná kò bá tó, ìlẹ̀kẹ̀ á sọ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé owó ńkọ́, ta ni yóò ra lésà fún ilé ẹ̀kọ́ girama? N kò bèèrè lésà. Ẹ gbójú sókè wo páànù tó bo orí yín. Ihò ìṣó kan kò ní ṣàì sí níbẹ̀, tí oòrùn ń gbà wọlé, tó ń sọ àmì róbótó sílẹ̀. Ihò náà lè rí jágajàga, àmì ilẹ̀ á ṣì rí róbótó, torí àwòrán oòrùn ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá dí oòrùn lójú, àwọn àmì ilẹ̀ náà di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùpá tuntun. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rí i nínú ilé ìdáná wa, mo rò pé páànù ló bàjẹ́. Ibn al-Haytham, tó gbé ní Káírò ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, kọ ìwé lórí nǹkan yìí gan-an. Òun náà, ihò kékeré nínú yàrá òkùnkùn ló fi ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Ìkirè àti Àpòmù, nígbà tí ẹ bá ń dá owó fún géètì tuntun, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún búlọ́ọ̀kù dígí, lẹ́ǹsì àti píìnì, kí ó má jẹ́ pé ọmọ mẹ́tàlá ni yóò máa du ẹyọ kan. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ bí iṣẹ́ yín ṣe wúwo tó, mo mọ bí ọmọ ṣe pọ̀ ní kíláàsì. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ọmọ bá mú 1.7 wá níbi tí ẹ ti ń retí 1.5, ẹ má fi pupa fa ìlà sí i kíákíá. Ẹ bi í bó ṣe gún píìnì rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá bi yín nídìí agbada ìdí tí ojú yín fi ń mì, ẹ dá a lóhùn bí ìyá mi ṣe dá mi lóhùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wò ó dáadáa kí ẹ tó ní kí ó gbé ajere wá.

Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà lọ́wọ́ ẹnìkan ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, lọ ṣí i lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò.